Ọwọ́ Kẹrin Èédú

Gílóòbù tàn. Kì í ṣe pé ó ń ṣẹ́jú o, ó tàn gbòò, bí ẹni pé oòrùn fúnra rẹ̀ há sínú ìgò, gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà fọwọ́ bojú. Bàbá Akíngbadé nìkan ni ò fọwọ́ bojú. Wọ́n dúró níwájú tábìlì mi, wọ́n ń wo ìyàwó wọn láàárín wáyà méjì.

Ìyàwó wọn ò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Òkúta dúdú ni, ó ń dán bí ẹ̀yìn ejò, wọ́n lu ihò tínrín sí i lórí, wọ́n ki okùn bọ̀ ọ́.

"Bàbá," mo ní, "irin ni wọ́n tẹ̀ fún yín. Wọ́n ti rẹ́ yín jẹ."

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ọjọ́ ìtúlé, tí wọ́n ń tú ilé kiri torí irin, kì í dùn lára ẹnikẹ́ni. Tí èmi ò bá dá àpárá, ta ló fẹ́ dá a? Mo ní kí Bàbá má bọkàn jẹ́, pé àwọn obìnrin Ilé Ìtẹ̀kú ló ki irin sínú òkúta, pé bóyá Màmá fúnra wọn ṣì wà níbì kan tí wọ́n ń yan ẹja jẹ, tí wọ́n ń fi gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lórí ìlà. Bàbá ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bínú. Wọ́n kàn béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa gbé e lọ síná ìléru. Mo ní tí fèrè ọ̀sán bá ti dún. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á dúró tì í títí dìgbà yẹn. Wọ́n lọ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n kọjú sí tíréè tí mo gbé òkúta náà sí, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún.

Orímólóyè lorúkọ mi, ẹ lè béèrè mi títí dé ibi tí òkun parí sí. Nínú gbogbo ìlú Ìdúró, adánwò kan ṣoṣo ló wà. Àwọn yòókù wà o, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń wọ aṣọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí mi lọ́nà, wọ́n á ki ọwọ́ bàpò. Mi ò mọ̀wé. Ìwé ló wá mi wálé, mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mi ò sí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé nǹkan lé mi lọ́wọ́. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, màá ti sọ fún yín bí àwọn ẹ̀rún tí ojú ò lè rí nínú rẹ̀ ṣe di ara wọn mú. Ohun tí òfin Ìdúró fẹ́ mọ̀ nípa nǹkan yín náà nìyẹn. Kò bìkítà nípa ẹni tó jogún rẹ̀ tàbí ẹni tó fi òógùn ojú wá a.

Iyọ̀ kọ́kọ́ wà. Nínú iyọ̀, ẹ̀rún kan fún èkejì ní nǹkan, èkejì gbà á, wọ́n bá fà mọ́ra torí ẹ̀. Ó le lójú, àmọ́ jù ú sómi, omi á wọ àárín wọn bí olófòófó, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó bá jẹ́ iyọ̀, ọjà ni. Tà á fún ẹni tó bá wù ọ́. Àjọmú tún wà. Ìyẹn, àwọn méjì jọ di nǹkan kan ṣoṣo mú, kò sí ẹni tó máa yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹnì kejì, bí ọkọ àti ìyàwó tó jọ di ọmọ lọ́wọ́ mú lórí afárá. Igi, ọ̀rá, aṣọ, èékánná yín, àjọmú ni. Ti ilé ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á. Irin wá yàtọ̀. Nínú irin, kálukú ju tirẹ̀ sáàárín, ó di ti gbogbo wọn, ó ń sáré kiri láàárín wọn bí ọmọ ọlọ́mọ nínú agbo ilé. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń gba inú irin kọjá. Ìdí nìyẹn náà tí òfin fi ní irin ò ní olúwa. Ti Odi ni, ìléru á yọ́ ọ, wọ́n á fi mọ Odi.

Tí ẹ ò bá tíì rí Odi, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ó ga débi pé àwọsánmà máa ń forí sọ ọ́. Òun nìkan ló dúró láàárín àwa àti òkun, òkun ló sì ti gbé gbogbo ilẹ̀ àwọn bàbá wa mì, kò tíì yó. Torí rẹ̀ ni ẹ ò fi lè rí ìṣó kan nínú ilé kankan ní Ìdúró. Okùn la fi ń so òpó. Egungun ẹja làwọn obìnrin ń fi sétí. Wọ́n ní láyé ọjọ́sí irin làwọn èèyàn fi ń bu oúnjẹ sẹ́nu. Tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ wa kan, á ní ẹ̀ ń purọ́ ju Orímólóyè lọ.

Ọ̀nà tí a gbà ń dán nǹkan wò ò ṣòro. Òòlù, omi, iná gílóòbù. Láyé àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́, òòlù ló ń ṣíwájú. Lù ú: tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, irin ni, tó bá fọ́, kì í ṣe irin, ọ̀rọ̀ ti parí, gílóòbù ò tún lè sọ nǹkan mìíràn lórí ohun tí òòlù bá ti sọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n fọ́ nǹkan òun kó tó mọ̀ pé òun ló ni ín? Wọ́n bá gbé òòlù kọ́ sára ògiri, a gba gílóòbù gbọ́. Nígbà tí irin tán pátápátá nínú ilé, tí wọ́n ní a gbọ́dọ̀ máa dán òkú pàápàá wò, kò sí ẹni tó tiẹ̀ dárúkọ òòlù. Ta ni yóò lu òkú?

Òkúta làwọn òkú wa, torí kò sí ilẹ̀ tí a ó sin wọ́n sí mọ́. Tí èèyàn bá kú ní Ìdúró, Ilé Ìtẹ̀kú á tú u: omi inú rẹ̀ á lọ sínú àgbá omi ìlú, iyọ̀ rẹ̀ á lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á lọ, èédú ló máa kù. Wọ́n á wá tẹ èédú náà di òkúta. Ti ọlọ́lá máa ń funfun yanran bí ìrì, torí ó ní iná tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹn. Dúdú ni tiwa. Tí wọ́n bá bímọ tuntun nílé, wọ́n á fi òkúta ìyá àgbà fa ìlà dúdú kan síwájú orí ọmọ, kí òkú lè mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé, gbogbo òkúta dúdú tó dé orí tábìlì mi ló tan gílóòbù. Gbogbo wọn. Kò sì yà mí lẹ́nu. Mo ní àwọn obìnrin Ilé Ìtẹ̀kú ti di olè, mo sì ń fi wọ́n kọrin.

Ojú ọjọ́ ti ń mọ́lẹ̀ gan-an nígbà tí Jọláadé ará ìléru dé. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó sanra, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó gbé ojú wọlé bí ẹni tí wọ́n bá jà. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé àfọ́kù Odi kan lórí igi, wọ́n jù ú sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ mi. Mo ní ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ pa ni, àbí wọ́n ò mọ̀ pé tí mo bá kú, Odi á wó fún ìbànújẹ́. Ó ní lánàá ni Odi là ní ìgun ìlà-oòrùn. Mo ní ìgbì wo ló ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ìgbì kan báyìí ni, tí ò ju ti ẹni tó ń fọ abọ́ lọ.

"Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tẹ̀ ni," Jọláadé ní. "Ìgbì á gbá a, á tẹ̀ wọnú bí abọ́, a ó lọ fi iná nà án. Báyìí, ó ń fọ́. Ó ń fọ́ bí iyọ̀, Orí. Látìgbà ọyẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ pa ojú ibi tó ti là. Irin tó dáa máa ń funfun nínú bí eyín. Èyí ṣú, ó rí háráhárá. Mo gbé ìka mi sókè, ó dúdú. Mo bá ní ṣé Odi ni wọ́n fi yan àgbàdo lánàá ni. Jọláadé ò rẹ́rìn-ín. Mo nu ìka sára ṣòkòtò, kò tán lára rẹ̀.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé.

Àǹtí Mọrẹ́nikẹ́ ni wọ́n, àwọn ló tọ́ mi, àwọn náà ló ń jẹ ìyà ẹnu mi látìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn atúlé ti dé ilé wa láàárọ̀, wọ́n ti tú ẹní, wọ́n ti tú ìkòkò amọ̀. Wọ́n wá rí Ìyá wa ní etí aṣọ Àǹtí mi, níbi tí wọ́n máa ń so ó mọ́ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ilé. Atúlé kan tẹ̀ lé wọn wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí mi ò bẹ̀rù rárá. Ibi tí àbúrò wọn ti ń jẹ gàba ni wọ́n wá. Wọ́n tú etí aṣọ, wọ́n gbé òkúta náà sórí tábìlì, wọ́n tún un tò kó lè kọjú sí mi.

Mo ṣe fújà. Mo kéde fún gbogbo ilé pé ẹ wá wo òkú tòótọ́, pé obìnrin tó bí akọni bíi tèmi, wúrà gan-an ò lè wọ inú rẹ̀, ká tó wá sọ irin. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí Ìyá wa kú, mi ò kúrò nínú Ilé Ìtẹ̀kú. Ojú mi ni wọ́n ṣe kó èédú rẹ̀ jáde, ojú mi ni wọ́n ṣe gbọn ọ́n sínú ìtẹ̀. Ká ní wọ́n fi abẹ́rẹ́ kan sínú rẹ̀, ǹ bá rí i. Mo fi wáyà kàn án.

Gílóòbù tàn.

Mo yọ wáyà, mo tún fi kàn án. Ó tàn. Mo nu wáyà, mo yí òkúta padà. Ó tàn, ó tàn bó ṣe tàn fún ìyàwó Bàbá Akíngbadé, kò fi ìkan ju ìkan.

Àǹtí mi ń wò mí, wọ́n ń dúró dè mí kí n sọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbọ́ nínú orí ni ohùn obìnrin tó tẹ Ìyá wa, obìnrin kan tí apá rẹ̀ dúdú dé ìgbúnwọ́. Lọ́jọ́ náà mò ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ló dé tí tiwa ò lè funfun bíi ti ọlọ́lá. Ó ní èédú kan náà ni, ọmọ. Ó ní ẹ̀rún èédú kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ mẹ́rin. Nínú òkúta funfun, gbogbo ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló di ẹlòmíràn mú, ìdí tó fi le nìyẹn, tí ohunkóhun ò fi lè kọjá nínú rẹ̀. Nínú dúdú, ọwọ́ mẹ́ta ló di ará ilé mú, wọ́n tẹ́ bí ẹní, ẹní lórí ẹní. Ọwọ́ kẹrin ò mú ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ó yọ̀ǹda ẹ̀ fún gbogbo ẹní. Mo ní ọwọ́ kẹrin Ìyá mi ló fi ń gbá mi létí. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé ẹ̀.

Ọwọ́ kẹrin yẹn ló ń tan gílóòbù.

Kò sí irin nínú Ìyá wa. Kò sí irin nínú ìyàwó Bàbá Akíngbadé. Kò sí irin nínú ẹnikẹ́ni nínú gbogbo àwọn tí mo ti fi kọrin. Àjọmú ni gbogbo wọn, ti ilé ni wọ́n. Mo wo ìka mi tó dúdú, mo wo àfọ́kù Odi nílẹ̀, ó bá yé mi. Irin ń tẹ̀ nítorí pé àwọn ẹ̀rún rẹ̀ ń yọ̀ lórí ara wọn, bí èèyàn ṣe ń sún fún ara wọn lórí bẹ́ǹṣì. Èédú ti lọ jókòó sáàárín wọn, kò jẹ́ kí wọ́n sún. Àwọn òkú wa ni wọ́n ń fọ́ Odi. Èmi ni mò ń fi wọ́n ránṣẹ́.

Fèrè ọ̀sán dún. Màdáámú Ìbíyẹmí wọlé pẹ̀lú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àwọn ni alábòójútó ilé ìdánwò, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, ètè wọn ti bó nítorí iyọ̀ afẹ́fẹ́. Gbogbo Ìdúró ló mọ̀ pé nígbà tí òfin òkúta dé tí àwọn èèyàn kọ̀, Màdáámú ló kọ́kọ́ tú bàbá wọn lọ́rùn, tí wọ́n gbé e sórí tábìlì lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn ìyẹn lẹnikẹ́ni ò lè kọ̀ mọ́.

Wọ́n rí gílóòbù tó ń tàn. Wọ́n ní kí n gbé e sínú tíréè, kí àwọn ará ìléru máa lọ.

Mo ní irọ́ ni gílóòbù ń pa. Mo sọ ti ọwọ́ mẹ́rin, mo sọ ti ìka mi, mo ń sọ ọ́ wúruwùru, ọ̀rọ̀ ń ti ọ̀rọ̀ ṣubú. Àwọn tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní Orímólóyè ti tún dé o, ó kù kó ní òun ló bí òkun.

"Orímólóyè," Màdáámú ní, "lánàá o sọ fún mi pé ẹja kan kí ọ káàárọ̀."

"Mo purọ́ ti ẹja, Màdáámú. Mi ò purọ́ eléyìí."

"Gílóòbù ò ní ìyá. Kò ní ẹ̀gbọ́n. Ìwọ ní. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Mo na ìka dúdú mi sí ògiri.

"Òòlù náà ò ní ìyá, Màdáámú."

Ẹ̀rín dá. Màdáámú bojú wo ògiri, níbi tí òòlù wà. Òkúta odò ni orí rẹ̀, igi ni ọwọ́ rẹ̀, eruku ti bò ó. Wọ́n mọ òfin ju mí lọ: ohun tó bá fọ́ kì í ṣe irin. Wọ́n tún mọ ohun tí yóò sọ nípa bàbá wọn tó bá fọ́. Wọ́n ní ó dáa, òfin ni. Wọ́n ní, "Èwo lo fẹ́ lù?"

Méjì ló wà níbẹ̀. Ìyá wa wà lórí tábìlì. Ìyàwó Bàbá Akíngbadé wà nínú tíréè, ìlú sì ti gbà á, fèrè ti dún, kò sí ẹni tó lè mú mi tí mo bá lù ú. Tó bá fọ́, a ó mọ òótọ́, èmi àti Àǹtí mi a ó sì gbé Ìyá wa lọ sílé ní odindi. Ilé Ìtẹ̀kú ti tì, ìléru Odi ti gba gbogbo iná wọn. Èyí tó bá fọ́ lónìí, kò sí ẹni tó máa tún tẹ̀ ẹ́.

Àǹtí Mọrẹ́nikẹ́ súnmọ́ mi. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé èmi nìkan ló gbọ́. "Tiwọn ti lọ tẹ́lẹ̀, Orí," wọ́n ní. "Tiwọn ti wà nínú tíréè."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ènìyàn búburú. Ẹ má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n fún aládùúgbò ní ẹja tó yẹ kí àwọn jẹ.

Mo gbé òòlù lára ògiri. Mo yí sí tíréè. Bàbá Akíngbadé dìde lórí àpótí.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "tó bá jẹ́ tèmi lo fẹ́ lù, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jáde."

Wọn ò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi tí wọ́n fi ń tilẹ̀, wọn ò rí i, ó sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo rántí bí mo ṣe ní ìyàwó wọn wà níbì kan tó ń yan ẹja jẹ. Àwọn tó wà lórí ìlà ti rẹ́rìn-ín sí i.

Apá mi yìí, ẹ béèrè ní Ìdúró, ó ti fọ́ òkúta tó tó ilé. Tí mo bá gbá erinmi létí, á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kó tó ṣubú. Àmọ́ òòlù kékeré yẹn, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e. Mo yí padà sí tábìlì. Mo gbọ́ tí Àǹtí mi pe orúkọ mi, odindi orúkọ mi, bí Ìyá wa ṣe máa ń pè é. Mo lù ú.

Kò tẹ̀. Kò tilẹ̀ ro ara rẹ̀ wò. Ó ya bí ìpẹ́ ẹja, àwọn ègé tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán, àti lẹ́búlẹ́bú dúdú tó fò sí mi lápá, sí mi láyà. Ohùn tó ṣe ò ju ti ẹni tó tẹ èédú mọ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná lọ.

Màdáámú Ìbíyẹmí wá, wọ́n mú ègé kan, wọ́n fi ìka ra á. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ sí àfọ́kù Odi, wọ́n fi ìka ọwọ́ kejì ra ojú ibi tó là. Wọ́n gbé ìka méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Àjọmú," wọ́n ní. "Ti ilé ni."

Wọ́n gbé ìyàwó Bàbá Akíngbadé nínú tíréè fúnra wọn, wọ́n fi okùn rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn Bàbá. Bàbá dì í mú mọ́ àyà, wọ́n wo tábìlì mi, wọ́n wo Àǹtí mi. Wọ́n jáde láì kí ẹnikẹ́ni. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Kí lèèyàn ń sọ nírú ibẹ̀?

Màdáámú ní kí ìlà túká, kí atúlé àti àwọn ará ìléru máa lọ. Jọláadé lọ, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó ku èmi, Àǹtí mi àti Màdáámú, Màdáámú jókòó sórí àpótí tí Bàbá ti kúrò. Wọ́n ní láti òní lọ a ò ní gba òkúta mọ́, wọ́n á sọ fún ìlú pé ó kéré jù, kò ṣe Odi láǹfààní. Wọ́n ní àwọn tó wà lórí ìlà ò rí ju òkúta kan tó fọ́ lọ, kò tíì sí ẹni tó so ó mọ́ Odi. Mo béèrè nípa àwọn tó ti wọ inú Odi. Wọ́n ní oṣù ìgbì ń bọ̀. Wọ́n ní tí àwọn èèyàn bá mọ̀ pé ìyá àti bàbá wọn ló wà nínú Odi, tí wọ́n sì gbọ́ pé ó ń fọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa dé ibẹ̀ pẹ̀lú igi àti èékánná láti hú wọn jáde.

"Bàbá mi wà ní ìgun ìlà-oòrùn," wọ́n ní. "Èmi náà ò ní lọ hú u. Ìwọ pa ẹnu rẹ mọ́ títí ìgbì á fi kọjá."

Mo ní tó bá wó lé wa lórí ńkọ́? Wọ́n ní kí n lọ sílé.

Àǹtí mi ti tẹ́ aṣọ orí wọn sórí tábìlì. Wọ́n ń fi etí ọwọ́ gbá Ìyá wa jọ, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń mú èyí tó bọ́ sí ihò pákó pẹ̀lú ìka. Mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní kí n má fẹ́ atẹ́gùn. Wọ́n gbọn èyí tó wà lára aṣọ mi sórí rẹ̀. Wọ́n so ó ní kókó, wọ́n sì jáde, mo tẹ̀ lé wọn.

A gba abẹ́ àwọ̀n ìkùukùu kọjá, níbi tí ìlú ti ń gba omi mímu. Omi ń kán sílẹ̀ nínú àwọ̀n. Omi kì í di omi mú tipẹ́. Wọ́n kàn ń fọwọ́ kan ara wọn ni, wọ́n tún fi sílẹ̀, wọ́n tún kan ẹlòmíràn. Lẹ́yìn Odi, òkun ń mí.

Ní orí afárá, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò jókòó tò. Wọ́n ti rí bí mo ṣe dúdú láti apá dé àyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n ní Orímólóyè, kí lo bá jà lónìí, àbí erinmi ló tún kọ lu ẹ́. Wọ́n ti sún àyè sílẹ̀ fún mi lórí pákó. Ìtàn tí mo ní lẹ́nu lọ́jọ́ náà, tí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, láì fi nǹkan kan kún un, ìlú á dàrú kí ilẹ̀ tó ṣú. Àǹtí mi dúró. Wọ́n ń wò mí.

"Kò sí nǹkan kan," mo ní. "Iṣẹ́ lọ dáadáa."

Àwọn ọmọkùnrin náà wo ara wọn. A kọjá. Nígbà tí a dé òdìkejì afárá, Àǹtí Mọrẹ́nikẹ́ na ìdì náà sí mi, mo gbà á. Mo ti rò pé á fúyẹ́ torí pé ó ti fọ́. Kò fúyẹ́. Bó ṣe wúwo tẹ́lẹ̀ náà ló wúwo.